Bátìrì Tó Wú ní Ẹnubodè Yewa

Láti ìgbà tí àdéhùn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé ṣe ní ọdún 1889 ti la Kétu, tó wà ní Benin báyìí, kúrò lára àwọn ará rẹ̀ ní Yewa ní Nàìjíríà ni òwò ẹnubodè ti di iṣẹ́ gidi ní agbègbè náà. Lára ohun tó wá ń gba èbúté Kútọnu àti Èkó wọlé, tó sì ń dé Ìlaròó àti Ayétòrò, ni kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀, ìyẹn èyí tí ẹlòmíràn ti lò lókè òkun. Bátìrì lithium-ion, irú èyí tí Sony kọ́kọ́ gbé jáde fún títà ní ọdún 1991, ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Bí ogbó tàbí ooru bá bà á jẹ́, kẹ́míkà inú rẹ̀ á di gáàsì tí kò ríbi jáde, àpò rẹ̀ á wú títí pátákó ìtẹ̀wé yóò fi yọ gọnbu sókè. Atúnṣe tó mọṣẹ́ kì í gún un, kì í sì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ńṣe ni yóò yọ ọ́ kúrò lára iná, tí yóò gbé e sínú garawa oníyanrìn níta.

Òfin kò tètè bá ọjà náà dé. Pàǹtí olóró tí wọ́n kó láti Ítálì wá sí ìlú Koko ní Nàìjíríà, tí àṣírí rẹ̀ tú ní ọdún 1988, ló ta ìjọba jí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ṣùgbọ́n ọdún 2011 ni ìlànà lórí ohun èlò oníná jáde lábẹ́ NESREA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmúṣẹ òfin àyíká, tó ní kí aṣẹ̀dá àti akóniwọlé máa gba àlòkù padà. Ìlànà náà mọ́gbọ́n dání, àmọ́ ẹrù tó gba ọ̀nà inú igbó ní ẹnubodè wọlé kò ní akóniwọlé kankan nínú ìwé tí a lè dá bátìrì padà fún.