Oúnjẹ Àlejò: Ohun tí Ẹ̀gbá Jẹ Lábẹ́ Òkúta, àti Ohun tí Àlejò Odẹ́dá Lè Jẹ Lónìí

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo gbé dé lónìí, ṣùgbọ́n ìtàn ni mo fẹ́ fi sè é. Àwọn àgbà ni wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti ebi ná.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí Odẹ́dá, lójú ọ̀nà tí ó ti Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó gbé e débẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ọmọ náà ti jáwọ́ nínú jíjẹ ohunkóhun tí ó bá ti ara ẹranko wá: kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, kì í jẹ ẹyin, kì í sì í mu wàrà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó débẹ̀, ó yà sí ọ̀dọ̀ màmá olóúnjẹ kan, ó ní kí wọ́n bu láfún àti ewédú fún òun láì fi ẹran sí i. Màmá náà wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan? Bí owó ni kò tó, wá jẹun ná, o ó san ìyókù lọ́la.” Inú rere ni màmá fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú ti ọmọ wa. Nígbà tí ó ṣàlàyé pé òun kì í jẹ ẹran rárá ni, ẹnì kan tí ó jókòó níbẹ̀ dá sí i pé àṣà Òyìnbó ni, pé baba ńlá wa kankan kò jẹun bẹ́ẹ̀ rí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, “Bọ̀dá mi, ṣé lóòótọ́ ni mo ti di Òyìnbó?”

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ó ń bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ òtítọ́ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí ó bá a wí. Orúkọ tí wọ́n ń pe irú ìjẹun yìí, vegan, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá. Donald Watson àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1944. Àwọn baba ńlá wa kò sì búra pé àwọn kò ní jẹ ẹran. Ọdẹ ń lọ sí ìgbẹ́, apẹja ń lọ sí odò, a sì ń pa ẹran nígbà ọdún. Ṣùgbọ́n oúnjẹ inú ìkòkò lójoojúmọ́ yàtọ̀ sí oúnjẹ ọjọ́ ọdún. Ohun tí ilẹ̀ hù ni ó ń gbé ìdílé dúró, ẹran ni ó ń bá a rìn nígbà tí ó bá wà. Bí a bá fẹ́ rí ẹ̀rí èyí, kí a lọ sí àkókò tí àwọn Ẹ̀gbá fúnra wọn jẹ́ àlejò ní àdúgbò tuntun.

Kí a tó tẹ Abẹ́òkúta dó, inú igbó Ẹ̀gbá ni àwọn ènìyàn wa ń gbé, nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú kéékèèké. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀ Òwu ní nǹkan bí ọdún 1820 ni ó tú wọn ká. Ìlú wọn kan tẹ̀ lé òmíràn ni ó ń parun. Àwọn kan nínú wọn bá ara wọn ní Ìbàdàn láàárín àwọn ọmọ ogun tí ó tẹ̀dó síbẹ̀, ṣùgbọ́n àlàáfíà kò sí. Ní ọdún 1830, Ṣódẹkẹ́ kó wọn jáde lọ sí abẹ́ àpáta Olúmọ. Ilẹ̀ náà kì í ṣe aṣálẹ̀ pátápátá. Títí di òní ni a ń pe Abẹ́òkúta ní oko Adágbá, nítorí àgbẹ̀ ará Ìtòkò kan tí ìtàn sọ pé ó ti ń dáko níbẹ̀. Oko ẹlòmíràn ni ìlú ńlá yìí fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bá mi rò ó bí àgbẹ̀. Ẹni tí ó sá fún ogun kò lè da ewúrẹ́ àti àgùntàn púpọ̀ síwájú. Iṣu ni ọba oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbin iṣu gbọ́dọ̀ ní ebu lọ́wọ́, kí ó kọ ebè, kí ó sì dúró fún oṣù púpọ̀. Àgbàdo yá ju iṣu lọ. Tẹ̀tẹ̀ tún yá ju àgbàdo lọ, kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ tí a ó fi máa já a jẹ. Ọ̀dú, ẹ̀bọ̀lọ̀ àti gbúre máa ń hù fúnra wọn ní ààtàn àti etí oko. Àwọn àgbà ṣe bí eré nígbà tí wọ́n ní ọ̀dú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ewé ni ó ń gba ẹ̀mí là ní ọdún ìyàn.

Ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Ilẹ̀ Brazil ni ẹ̀gẹ́ ti wá. Àwọn Potogí ni wọ́n gbé e wá sí etíkun Áfíríkà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lẹ́yìn Kristi, ìyẹn láàárín ọdún 1500 sí 1600. Igi rẹ̀ lásán ni a ń gé gbìn, ilẹ̀ tí kò lọ́ràá kò dí i lọ́wọ́, bí ó bá sì gbó, ó lè dúró sínú ilẹ̀ títí olóko yóò fi ráyè wá wà á. Ẹ rí i pé oúnjẹ ìgbà ogun ni. Ṣùgbọ́n kò tètè gbilẹ̀ nílẹ̀ wa, nítorí ó ní májèlé nínú, ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń ṣe é lè fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú padà dé, àwọn Sàró láti Freetown àti àwọn Àgùdà láti Brazil, ni wọ́n tan ọgbọ́n gàrí ká ilẹ̀ Yorùbá. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn Sàró ti ń dé sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí Henry Townsend kọ́kọ́ wọ ìlú náà ní oṣù kìíní ọdún 1843, ó bá wọn níbẹ̀.

Gàrí di ti gbogbo ayé, ṣùgbọ́n láfún ni a fi mọ Ẹ̀gbá. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí yóò fi rọ̀. Omi yìí àti ìkan rẹ̀ ni ó ń fa májèlé náà jáde. Lẹ́yìn èyí ni a ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó fún un, a ó sì sá a sí oòrùn. Ẹni tí ó bá gba agbègbè Odẹ́dá kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò rí ibi tí àwọn obìnrin ń sá a sí: orí àpáta ni. Odẹ́dá kún fún àpáta tí ó tẹ́jú, tí oòrùn máa ń mú gbóná láti òwúrọ̀. Àpáta tí ó dáàbò bo àwọn àgbà lọ́wọ́ ogun náà ni ó tún di àwo ìsáǹkan fún àwọn ọmọ wọn. Àwọn ará ìlú mìíràn a máa fi láfún bú Ẹ̀gbá bí ẹni pé oúnjẹ ìṣẹ́ ni. Èmi kò rí èébú níbẹ̀. Ẹni tí ó jẹ ẹ́ ni kò kú.

Ìyẹn ni ìdáhùn mi sí apá kìíní. Orúkọ rẹ̀ ni ó jẹ́ ti Òyìnbó, ìkòkò rẹ̀ kì í ṣe ti Òyìnbó.

Ṣùgbọ́n ìtàn kò gbọdọ̀ fi wá ṣèjẹ. Láfún nìkan kì í gbé ènìyàn ró. Ní ọdún 1933, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, kọ̀wé láti Gold Coast, tí ó di Ghana lónìí, nípa àrùn tí ó ń wú àwọn ọmọdé lẹ́sẹ̀, tí ó sì ń mú irun wọn pọ́n. Àwọn ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú tí wọ́n sì ń fi ẹ̀kọ àgbàdo nìkan bọ́ ni ó ń ṣe. Orúkọ tí àwọn ará Gà ń pè é ni ayé fi mọ̀ ọ́n dòní, kwashiorkor. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wa ni pé ẹni tí kò bá jẹ ẹran gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀wà, kí ó jẹ ẹ̀gúsí, kí ó jẹ ẹ̀pà. Àwọn ìyá wa àtijọ́ ti mọ èyí láìka ìwé: ìdí nìyẹn tí gbẹ̀gìrì fi ń bá ewédú rìn. Ohun kan wà tí kò sí nínú ewé àti èso, fítámì B12. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń lo oògùn rẹ̀, mo sì rọ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ tọ ọ̀nà yìí pé kí ó bá dókítà sọ̀rọ̀.

Ó wá ku bí àlejò yóò ti ṣe rí oúnjẹ. Ní ìdájí, àkàrà àti ẹ̀kọ kò wọ́n ní ojú ọ̀nà kankan nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ẹ̀wà, ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀ ni àkàrà. Kí ó ṣáà béèrè bóyá òróró náà kì í ṣe èyí tí wọ́n fi dín ẹja. Ní ọ̀sán, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun àti ẹ̀pà ń bẹ. Àádùn ń bẹ, tí a fi ìyẹ̀fun àgbàdo àti epo pupa ṣe. Róbó tí a fi ẹ̀gúsí ṣe ń bẹ pẹ̀lú. Mọ́ínmọ́ín ni kí ó ṣọ́ra fún, nítorí ẹyin àti edé máa ń sá pamọ́ sínú rẹ̀. Ọ̀tá tí ó fara sin jù ni omi ẹran tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ata.

Bí ó bá rí wàrà sóyà, kí ó rà á, ṣùgbọ́n kí ó bi wọ́n léèrè kí wọ́n má baà ta wàrà Fúlàní fún un. Ilẹ̀ Éṣíà ni sóyà ti wá. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́ àwọn obìnrin wa bí a ti ń lò ó nínú oúnjẹ ilé. Ìjọba ìbílẹ̀ Odẹ́dá kan náà ni Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, wà lónìí, ní Àlàbàtà. Ẹni tí ó wà ní Odẹ́dá kò jìnnà sí ìmọ̀ oko.

Fún alẹ́, mo kọ ọbẹ̀ mẹ́ta ránṣẹ́ sí i, èyí tí ẹni tí ó ní ìkòkò kan lè sè.

Èkíní, ewédú. Já ewé rẹ̀, fọ̀ ọ́, sè é sínú omi díẹ̀ pẹ̀lú kánún bíńtín, fi ìjábẹ̀ já a títí yóò fi yọ̀, kí o wá fi irú àti iyọ̀ sí i. Irú ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn kan rò pé edé nìkan ni ó lè ṣe é, èso igi sì ni.

Èkejì, ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí. Bọ tẹ̀tẹ̀, fún omi rẹ̀ dànù. Gbé epo pupa kaná, má ṣe jẹ́ kí ó jóná, dín àlùbọ́sà àti ata lílọ̀ nínú rẹ̀, fi irú sí i. Po ẹ̀gúsí lílọ̀ mọ́ omi kí ó ki, máa dà á sí i ní ìwọ̀nba, dé e títí yóò fi dì, lẹ́yìn náà kí o da ẹ̀fọ́ sí i.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀kuru. Bó èèpo ẹ̀wà, lọ̀ ọ́ kúnná, lù ú dáadáa, má fi ata tàbí epo sí i. Pọ́n ọn sínú ewé, sè é. Fi ata díndín jẹ ẹ́.

Ohun tí mo fi kádìí lẹ́tà náà ni ó ṣiṣẹ́ jù. Mo ní kí ó má ṣe máa ṣàlàyé àṣà ilẹ̀ òkèèrè fún olóúnjẹ. Yorùbá mọ èèwọ̀. Ìdílé kan kì í jẹ eku, òmíràn kì í jẹ ọ̀kẹ́rẹ́, kò sì sí ẹni tí ó ń bi wọ́n pé kí ló dé. Ó padà lọ bá màmá náà, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, “Ẹ kú ọjà mà. Èèwọ̀ mi ni ẹran àti ẹja, mà.” Màmá ní, “O ò ṣe sọ bẹ́ẹ̀ láti ìjọ́sí, ọmọ mi?” Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń kọ́kọ́ bu ewédú tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ó tó da edé sínú ìkòkò.

Ó pè mí ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Kò béèrè bóyá òun ti di Òyìnbó mọ́. Ó ní láfún Odẹ́dá funfun ju ti Èkó lọ, pé kí n wí iye tí òun yóò rà ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Oúnjẹ wo ni wọ́n ń sè nílé yín tí kò mọ ẹran rí? Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá yín àgbà nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ire o.