Omi Ta Ni Wọ́n Fẹ́ Dà Síwájú?

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí gbà pé ẹni tó da omi náà ló máa gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ omi ẹlòmíràn ló dà sójú ọ̀nà ara rẹ̀ ńkọ́? Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyẹn nínú ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, pé kí á dín oòrùn kù lórí Àkítíìkì, ìpẹ̀kun àríwá ayé, kí yìnyín ibẹ̀ má baà yọ́ tán.

Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Láti 1979, ooru ibẹ̀ ti ń pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ti ayé lápapọ̀. Ní Yakutsk, ní Síbéríà, orí òpó tí wọ́n rì wọnú ilẹ̀ dídì ni wọ́n ń kọ́ ilé sí, kí atẹ́gùn tútù lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí ooru inú ilé má baà yọ́ ilẹ̀. Bí ilẹ̀ ọ̀hún bá rọ̀, ògiri á là. Èyí ṣì kéré. Òkú koríko àti ẹranko tí òtútù kò jẹ́ kó jẹrà wà nínú rẹ̀, kábọ́ọ̀nù ibẹ̀ sì tó nǹkan bí ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́; bí ilẹ̀ náà bá yọ́, ó lè tú jáde sínú afẹ́fẹ́, kó tún dá kún ooru.

Òkè ayọnáyèéfín ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ní oṣù kẹfà ọdún 1991, Pinatubo bú ní Philippines, ó tu èéfín imí ọjọ́ sókè réré, èéfín náà dín oòrùn kù, ayé sì tutù ní nǹkan bí ìwọ̀n 0.5 Celsius. Bàálù ni wọ́n fẹ́ fi fọ́n imí ọjọ́ tiwọn sókè, nígbà tí oòrùn bá wà nìkan, torí oòrùn kì í yọ lágbedeméjì òtútù níbẹ̀. Kí lèèyàn fẹ́ ṣíji bò?

Òjò wá ńkọ́? Òjò ilẹ̀ olóoru a máa tẹ̀ sí apá ayé tó bá gbóná jù. Bí àríwá nìkan bá tutù, òjò á sún sí gúúsù, Sàhẹ́lì tó wà létí aṣálẹ̀ Sàhárà á gbẹ. Onímọ̀ ojú ọjọ́ Jim Haywood àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn ní 2013 pé nínú ọdún mẹ́rin tí ọ̀dá mú Sàhẹ́lì jù láàárín 1900 sí 2010, mẹ́ta ló tẹ̀lé òkè tó bú ní ìlàjì àríwá ayé. Ẹ̀wà tí à ń sè ní Ìbàdàn, oko òkè ọya ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Bí koríko bá sì tán lọ́hùn-ún, Òkè-Ògùn ni màlúù ń dorí kọ. Àwọn kan ní kí wọ́n fọ́n imí ọjọ́ náà sí gúúsù ayé pẹ̀lú, kó má baà fì sápá kan. Ó bọ́gbọ́n mu, àmọ́ ta ni yóò máa di òṣùwọ̀n náà mú? Imí ọjọ́ kì í pẹ́ lókè ju bí ọdún kan sí méjì lọ, kábọ́ọ̀nù ò sì lọ síbì kankan: ọjọ́ tí wọ́n bá dáwọ́ dúró, ooru tí wọ́n ti sé mọ́lẹ̀ á ya padà wọlé.

Ní 2021, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Harvard fẹ́ fi bàlúùnù ńlá dán ẹ̀rọ irú iṣẹ́ yìí wò ní Kiruna ní Sweden, láìtú ohunkóhun sáfẹ́fẹ́. Ìgbìmọ̀ ẹ̀yà Sámi, àwọn onílẹ̀ tó ń da àgbọ̀nrín yìnyín, fárígá; ètò náà fọ́. Ní 2023, àwọn mínísítà àyíká ilẹ̀ Áfíríkà pé jọ sí Addis Ababa, wọ́n ní kí gbogbo ayé fọwọ́ sí ìwé pé ẹnikẹ́ni ò ní lo ọgbọ́n dídín oòrùn kù yìí.