Orí Òkè Kétu: Ilẹ̀ Pupa, Odi àti Òjò

Orí ilẹ̀ gíga ni Kétu wà. Odò Ouémé jìnnà sí ìlú. Òjò ni àwọn baba ńlá ń gbójú lé fún omi. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n wà nínú yàrà ni wọ́n fi mọ odi yí ìlú ká, tí Akaba Ìdènà jẹ́ ẹnubodè rẹ̀.

Ní 1886, ogun Dàhọ̀mì dó ti ìlú. Ebi ló ṣẹ́gun Kétu. Wọ́n jó ìlú, wọ́n kó èèyàn lẹ́rú. Ní 1894, àwọn tó kù padà tún un tẹ̀ dó síbẹ̀.

Òjò tó ń fún ìlú lómi náà ló ń jẹ odi amọ̀. Bí ọmọ Kétu àti ìjọba kò bá tọ́jú rẹ̀, odi tí ogun kò lè gùn, òjò yóò wó o.