Ta ló ni Ìlọrin? Bí àlejò ṣe di onílé nílùú Àfọ̀njá

Fúlàní ni ìran ọba tó wà lórí ìtẹ́ Ìlọrin, àmọ́ Yorùbá lẹ máa gbọ́ lẹ́nu gbogbo ayé níbẹ̀, látọjà títí dé mọ́ṣáláṣí. Lórí Facebook, àríyànjiyàn "ta ló ni Ìlọrin?" kì í tán. Kẹ́ ẹ tó dá sí i, ẹ jẹ́ ká wo bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe dé?

Àfọ̀njá, tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Ọ̀yọ́, ló ń darí Ìlọrin nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti Aláàfin Aólẹ̀. Ó wá alátìlẹ́yìn. Ó pe Salih, ààfáà Fúlàní kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Àlìmí. Orúkọ náà wá látinú èdè Lárúbáwá, ìyẹn onímọ̀.

Kì í ṣe Fúlàní nìkan ló dé. Ọ̀pọ̀ ẹrú Hausa tó sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn nílẹ̀ Ọ̀yọ́ wá di ọmọ ogun Àfọ̀njá. Àwọn Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí náà kó jọ sí Òkè Súná lábẹ́ Ṣọlágbèrú.

Báwo ni ìtẹ́ ṣe bọ́ sọ́wọ́ àlejò?

Agbára àwọn ọmọ ogun náà ju ti Àfọ̀njá lọ nígbà tó yá. Ní nǹkan bí ọdún 1824, wọ́n pa á. Àlìmí fúnra rẹ̀ kò jẹ ẹ́míà rí. Ọmọ rẹ̀, Abdulsalam, ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́, tí Ìlọrin sì wọ abẹ́ ìjọba Sókótó. Àbúrò rẹ̀, Shitta, ló tẹ̀ lé e. Láàárín ìdílé méjèèjì yìí ni oyè náà wà títí dòní.

Wọ́n pín ìlú sábẹ́ Balógun mẹ́rin: Gàmbàrí, Fúlàní, Ajíkòbì àti Alanamú. Ti Yorùbá ni méjì tó kẹ́yìn.

Kí ni àlejò fi sílẹ̀?

Èdè. Yorùbá pọ̀ jù wọ́n lọ. Wọ́n fẹ́ra, wọ́n jọ ń tajà, Yorùbá sì ni wọ́n fi ń ṣe wáàsí. Díẹ̀díẹ̀ ni èdè Fúlàní kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ. Kódà Gàmbàrí, tí Yorùbá ń pe Hausa, wà lára orúkọ ìdílé ọba Fúlàní: Zulkarnaini Gambari jẹ ẹ́míà láti 1959 títí di 1992.

Irú èyí ṣẹlẹ̀ níbòmíràn náà. Àwọn Júù tó lọ ṣòwò ní Kaifeng, nílẹ̀ Ṣáínà, kọ́ ilé ìsìn síbẹ̀ lọ́dún 1163. Wọ́n gba orúkọ Ṣáínà, wọ́n fẹ́ ọmọ ìlú. Nígbà tó fi máa di ọdún 1850, kò sẹ́ni tó lè ka èdè Hébérù láàárín wọn mọ́, ẹ̀sìn wọn náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Wọn ò ní ìtẹ́, àwọn tó gbà wọ́n lálejò ò sì ṣe ẹ̀sìn wọn. Ní Ìlọrin, àlejò àti onílé jọ ń kírun ni, ìdí nìyẹn tí ẹ̀sìn fi dúró nígbà tí èdè lọ.

Kí ló dé tí ìjà ò tán?

Lọ́dún 1897, ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin. Lẹ́yìn náà, àwọn Òyìnbó fi ìlú náà sí apá Àríwá, wọ́n sì fi oyè ẹ́míà sílẹ̀. Àmọ́ ìran Àfọ̀njá ṣì wà, Mágàjí Ààre ni olórí wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń béèrè ọba Yorùbá.

Ṣé ẹni tí baba ńlá rẹ̀ ti wà níbẹ̀ fún igba ọdún, tó ń sọ èdè ìlú, tó bímọ fún ará ìlú, ṣì jẹ́ àlejò? Ṣé ẹni tí wọ́n gba oyè lọ́wọ́ baba rẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ni? Ìbéèrè méjèèjì ló tọ́, kò sì séyìí tí èébú orí Facebook lè dáhùn.