Ta Ni Yóò Kọ Ìtàn Ìwàrè?

Mo mọ̀ pé ìtàn pàṣán àwọn tíṣà wa ni ọ̀pọ̀ yín ń retí lójú ewé yìí. Ìyẹn á wá lọ́jọ́ mìíràn. Ìtàn ìlú ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀yọ́ tí kò jìnnà sí wa ni ẹ jẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà ìjọ CMS ni Samuel Johnson. Hastings ní Sàró ni wọ́n ti bí i ní 1846, Ọ̀yọ́ ló sì ti ṣiṣẹ́ títí tó fi kú ní 1901. Ohun tó ń dùn ún ni pé àwọn ọmọ wa tó kàwé mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, àmọ́ ti ilé baba wọn, wọn ò mọ nǹkan kan. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn àgbà léèrè. Ó gbọ́ tẹnu àwọn arọ́kin ààfin, ó gbọ́ ti David Kukomi, àgbà ìjọ Ìbàdàn, ó gbọ́ ti Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ. Ní 1897 ló kọ ọ́ tán.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú ìwé yẹn rí. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́, ó sọnù síbẹ̀. Johnson kú, kò fojú kàn án mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n fi sílẹ̀ jọ, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní 1916, ó tún dágbére fún Ìlú Ọba. Ọkọ̀ ojú omi tó gbé e, Appam, làwọn Jámánì bá gbá mú lójú òkun, ó di Amẹ́ríkà! Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí wọ́n tó tún gbúròó rẹ̀. 1921 ló tó jáde. Dókítà alára ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Ká ní kò sí àkọsílẹ̀ tó kù nílé ni, kí lẹ rò pé à bá máa kà lónìí?

A ń yin Johnson, ó sì tọ́ sí i. Àmọ́ kí n má fi bò fún yín: ojú ààfin ló fi wo ọ̀pọ̀ nǹkan. Ẹni tó bá ń jẹun Aláàfin, ìtàn Aláàfin ni yóò sọ. Ta ló ń bọ́ arọ́kin Ìwàrè?

Ẹ wo ogun Ìjàyè, 1860 sí 1862. Gbogbo wa la mọ apá ti àwọn ọlọ́lá: Àtìbà wàjà ní 1859, Kúrunmí lóun ò gba Adélù lọ́ba, Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́, Ìjàyè tú. Ola Rotimi tiẹ̀ fi ṣeré. Àwọn ará oko tó wà láàrín Ìbàdàn, Ìjàyè àti Ọ̀yọ́ ńkọ́? Ibo ni wọ́n sá gbà? Ta ló wa iṣu tó kù nínú ebè? Agbo ilé wo ló gba ẹni tó ń sásà, tó wá di ọmọ ilé títí dòní? Inú oríkì tí ìyá àgbà ń kì fọ́mọ láàárọ̀ nìyẹn wà, kì í ṣe inú ìwé.

Ìbàdàn ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní 1911 ni I. B. Akínyẹlé tẹ ìwé ìtàn Ìbàdàn jáde ní Yorùbá, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó mọ̀ pé yóò di Olúbàdàn ní 1955. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wà nínú Ẹgbẹ́ Àgbà-Ò-Tán, tó ń kó ìtàn àti àṣà jọ. Àkọlé ìwé náà dárúkọ Ìwó, Òṣogbo àti Ìkìrun mọ́ Ìbàdàn. Kò dárúkọ Ìwàrè, Fìdítì tàbí Ìlọrà. Kò jẹ wá ní gbèsè o, ìlú tirẹ̀ ló kọ.

Ẹ má sì pè é lọ́rọ̀ fàájì. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Ta ló kọ́kọ́ dé? Ta ló fún ta? Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ti sùn, kí lẹ fẹ́ wí níwájú adájọ́?

Iṣẹ́ náà ò le tó bí ẹ ṣe rò. Fóònù tó wà lápò yín á gba ohùn bàbá sílẹ̀. Bí wọn ò bá mọ ọdún, ẹ bi wọ́n bóyá ṣáájú ogun Hitler ni àbí lẹ́yìn rẹ̀, ṣé Àgbẹ́kọ̀yà ti ṣẹlẹ̀. Bí ìdílé méjì bá sọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, ẹ má ṣe adájọ́. Kí ẹ̀dà rẹ̀ má wà níbì kan ṣoṣo. Ẹ rántí Appam. Àwọn fáìlì ìjọba amúnisìn nípa Pírófíńsì Ọ̀yọ́ wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó bá jí wọ ọkọ̀ láàárọ̀ á padà délé lálẹ́.

Kí ìpàdé yìí tó tú, ẹ jẹ́ ká yan èèyàn mẹ́ta: ẹni tó létí oríkì, ẹni tó lè kọ Yorùbá tó mọ́ tónítóní, àti ẹni tí àwọn àgbà kì í lé jáde nílé. Owó ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, mo ti mú tèmi wá.