Àwọn Tó Ń Ka Òkú Ẹyẹ Létí Òkun

Lónìí, etíkun ni mo ń mú yín lọ, àmọ́ kì í ṣe èyí tí a ti ń jẹ súyà, tí a ti ń ya fọ́tò. Etíkun Pàsífíìkì ni, ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, lásìkò òtútù, nígbà tí òjò àti ìjì kì í jẹ́ kó wu èèyàn láti jáde nílé. Síbẹ̀, àwọn kan ń jáde. Òkú ẹyẹ ni wọ́n ń wá.

COASST ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Julia Parrish, onímọ̀ nípa ẹyẹ òkun ní Yunifásítì Washington, ló dá a sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1990. Àwọn tó ń rìn kì í gba owó. Kálukú ní ibi tirẹ̀ létíkun, á sì rìn ín já lóṣooṣù. Tó bá rí òkú ẹyẹ, ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò láti mọ irú ẹyẹ tó jẹ́, torí ìgbì òkun lè ti ba ìyókù jẹ́. Á wọn ẹsẹ̀, ìyẹ́ àti ẹnu rẹ̀, á ya fọ́tò, á wá fi okùn oníke aláwọ̀, irú èyí tí àwọn oníná fi ń di wáyà, sàmì sí i kí wọ́n má bàa kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Tí kò bá wá rí nǹkan kan ńkọ́? Á kọ ìyẹn náà sílẹ̀: òfo.

Lójú tèmi, òfo yẹn ni ọba gbogbo iṣẹ́ náà. Gbogbo ìgbà òtútù ni ẹyẹ òkun máa ń kú. Tẹ́ ẹ bá rí ogún òkú ẹyẹ lónìí, ṣé ó pọ̀ ni àbí ó kéré? Ẹni tó mọ iye tó wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, àti lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, nìkan ló lè dáhùn.

Ìgbà kan dé tí ìdáhùn yẹn di dandan. Láti ìparí 2013 ni omi òkun ní àríwá Pàsífíìkì ti ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Nick Bond, onímọ̀ nípa ojú ọjọ́, ló sọ omi gbígbóná náà ní Blob. Ooru yìí da ètò oúnjẹ inú òkun rú. Ẹyẹ dúdú-àti-funfun kan wà tó ń jẹ́ murre: lójúmọ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ ẹja tó tó nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ara rẹ̀. Tí kò bá rí jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ó lè kú. Láti àárín 2015 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2016, nǹkan bí 62,000 murre ni òkun gbé jáde láti California títí dé Alaska. Ebi ló pa wọ́n.

Ẹnì kan lè ní ìjì ló fà á. Àmọ́ ọdọọdún ni ìjì ń jà, àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún sì fi hàn pé irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí Parrish wà lára wọn, ṣírò pé iye tó kú lè tó mílíọ̀nù kan. Nígbà tó di 2024, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ka àwọn tó wà láàyè níbi tí wọ́n ti ń yé ẹyin sọ pé ní Alaska nìkan, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin ló kú, ìyẹn ìdajì murre tó wà níbẹ̀. Wọn ò sì tíì pọ̀ padà.

Èéfín lásán ni èyí tí òkun gbé jáde. Iná wà lọ́hùn-ún.

Àwa oní-fóònù, ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ la máa ń ya fídíò. Fídíò lè fi hàn pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Kò lè sọ bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Tí odò tàbí ọ̀sà bá wà ládùúgbò yín, ẹ máa ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti ojú kan náà, kẹ́ ẹ kọ déètì sí i, pàápàá lóṣù tí nǹkan kan kò yí padà. Ẹ fa ọ̀rẹ́ kan mọ́ra. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ó dìgbà kan ná o.