Ilé Àtijọ́ àti Àlejò tí Ó Sanwó: Àkíyèsí Lórí Ibùsùn Arìnrìn-àjò

Ọ̀rọ̀ ibùsùn ni mo mú wá lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo sùn mọ́jú ní ilé-odi kan ní Senya Beraku, ní etí òkun Gáánà. Àwọn ará Họ́láńdì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní nǹkan bí 1705, wọ́n sì sọ ọ́ ní Goede Hoop, èyí tí í ṣe Ìrètí Rere. Wúrà ni wọ́n ń wá nígbà náà. Nígbà tí ó yá, òwò ẹrú borí òwò wúrà, wọ́n sì fẹ ilé náà ní 1715, wọ́n kọ́ túbú ẹrú mọ́ ọn. Ní ayé tiwa yìí ni wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì sọ yàrá mélòó kan níbẹ̀ di ibi tí arìnrìn-àjò lè san owó díẹ̀ kí ó sì sùn. Yàrá tí wọ́n fún mi mọ́, afẹ́fẹ́ òkun ń gba ojú fèrèsé wọlé, mo sì ń gbọ́ ohùn àwọn apẹja nísàlẹ̀. Síbẹ̀ oorun kò kùn mí. Mo ti wọ inú túbú náà ní ọ̀sán, mo sì mọ̀ pé kò jìnnà sí abẹ́ ibùsùn mi.

Ilé-odi mìíràn wà ní Apam, ní etí òkun kan náà, tí òun pẹ̀lú ti gba àlejò rí. Àwọn ará Họ́láńdì yìí kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1697, wọn kò sì parí rẹ̀ títí di 1702, nítorí pé àwọn onílẹ̀ kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà yá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Sùúrù ní èdè wọn. Mo fẹ́ràn orúkọ náà púpọ̀. Ẹ̀rí ni ó jẹ́ pé onílẹ̀ kò fọwọ́ lẹ́rán.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìjọba ni ó sọ irú nǹkan báyìí di iṣẹ́ ńlá. Ọba Alfonso Kẹtàlá ti Sípéènì ṣí ilé ìtura àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní 1928 ní àárín òkè Gredos. Ilé tuntun ni ìyẹn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi nawọ́ sí ààfin àwọn ìjòyè àtijọ́ àti ilé àwọn mọ́ńkì. Ní Santiago de Compostela, ilé ìwòsàn tí Ọba Ferdinand àti Ayaba Isabella dá sílẹ̀ fún àwọn tí ó ń rìnrìn-àjò ìsìn wá síbẹ̀ di hòtẹ́ẹ̀lì ní 1954. Ìjọba Pọtogí bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Elvas ní 1942, wọ́n sì sọ ààfin olódi ti Óbidos di ibùsùn àlejò lẹ́yìn náà. Ènìyàn yóò bèèrè pé báwo ni ilé àwọn mọ́ńkì ṣe ṣófo tó bẹ́ẹ̀. Òfin ni ó lé wọn. Ní 1834 ni ìjọba Pọtogí tú ẹgbẹ́ àwọn mọ́ńkì ká tí ó sì gba ilé wọn. Sípéènì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún mélòó kan tí ó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, kí ilé tó di hòtẹ́ẹ̀lì, onílé ti kọ́kọ́ di ẹni tí kò sí mọ́.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Nígbà tí Clapperton àti Lander ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé, tí wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ Aláàfin ní 1826, kò sí ilé kan tí a kọ́ fún àlejò tí ń sanwó. Ilé baálẹ̀ tàbí ilé ìjòyè ni àlejò ń wọ̀. Ẹni tí ó bá wọ abà kan ní Akínyẹlé tàbí Lágelú ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹní fún un, a ó bu omi fún un, ẹnikẹ́ni kò sì ní bèèrè owó. Kí a má ṣe fi ìyẹn yangàn jù. Ní Sábó Ìbàdàn, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1916, onílé Hausa ń gba oníṣòwò sílé láìgba owó yàrá, ṣùgbọ́n ó ń gba owó làdà lórí ọjà tí àlejò rẹ̀ bá tà. Ọgbọ́n ni, kì í ṣe àánú nìkan.

Amọ̀ ni a sì fi kọ́lé. Ogun kò jẹ́ kí púpọ̀ nínú wọn gbó. Nígbà tí Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè ní 1862, àti agbo ilé Kúrunmí àti ilé àwọn míṣọ́nnárì tí ó wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ó bá ìlú lọ. Àwọn tí ó wà ní Ìjàyè Orílé lónìí, orí ahoro ni àwọn baba wọn padà wá kọ́lé sí. Ní Ìbàdàn fúnra rẹ̀, ogun yìí kan náà dí ọ̀nà mọ́ Hinderer àti aya rẹ̀ ní Kúdẹtì. Bí ọdún márùn-ún ni wọ́n fi há síbẹ̀, tí àwọn tí ó jẹ́ àlejò ń ta ẹrù ilé wọn kí wọ́n lè rí jẹ.

Kòkó ni ó fún wa ní ilé tí ó lè gbó. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì gba Lálúpọn kọjá lọ sí Òṣogbo lẹ́yìn náà. Owó kòkó dé pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì àti páànù. Láàárín Ẹgbẹ́dá àti Àkànrán, ẹ ó rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láàárín oko, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe òdòdó sí ojú fèrèsé rẹ̀, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ti ń sán. Àwọn ọmọ onílé wà ní ìgboro, tàbí ní Èkó, tàbí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Wọ́n ń wá nígbà òkú, wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn padà.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé kí a sọ irú ilé bẹ́ẹ̀ di ilé ìtura. Mo bá ẹbí kan jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní abà kan lẹ́bàá Lálúpọn. Ohun tí ó ṣòro níbẹ̀ kò sí nínú ìwé àwọn ará Sípéènì. Baba tí ó kọ́ ilé náà wà nínú rẹ̀. Yàrá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, àbúrò rẹ̀ sì wà ní yàrá kejì. Àgbà ilé náà wò mí, ó ní:

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, bí àlejò bá sanwó yàrá yìí, tí ó ti ilẹ̀kùn, tí àwa sì fẹ́ bá baba wa sọ̀rọ̀ ní òwúrọ̀ ńkọ́? Ṣé ọwọ́ àlejò ni a ó ti máa gba àṣẹ?"

Ọmọkùnrin kan tí ó dọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀ dá a lóhùn pé: "Bàbá, ẹ má bínú. Òjò ti ń rọ̀ sórí wọn láti ọdún mẹ́ta."

Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé irọ́ ni èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì pa. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo sọ èrò mi. Mo ní àlejò lè sùn nínú ilé tí òkú wà, bí ó bá jẹ́ pé a sọ fún un ẹni tí ó wà níbẹ̀ àti iṣẹ́ tí ó ṣe. Ohun tí ó dùn mí ní Senya Beraku ni pé kò sí ẹni tí ó lè dárúkọ ẹyọ ènìyàn kan nínú àwọn tí a há mọ́ túbú yẹn. Ní Lálúpọn, a mọ orúkọ, a mọ oríkì. Àgbà náà mi orí, kò dá mi lóhùn.

Nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n ti pààrọ̀ páànù. Wọ́n ti kun yàrá mẹ́ta iwájú ní ọ̀dà funfun fún àwọn tí ó bá wá ṣe ìgbéyàwó ní abà náà. Yàrá ẹ̀yìn méjèèjì wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wọn sì wà lọ́wọ́ mọ́gàjí wọn ní ìgboro Ìbàdàn.